Ọmọ Tí Ilà Rẹ̀ Tàn Jù

"Ẹ pa gbogbo iná!"

Láníyan ọlọ́kọ̀ ló ké bẹ́ẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó sì fa aṣọ dúdú tó kẹ́yìn bo fèrèsé. Oòrùn àárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi ṣì ń ràn lóde, ṣùgbọ́n inú ṣọ́ọ̀ṣì ṣú bí inú àpótí. Morádékẹ́ ń gbọ́ bí omi ṣe ń lu abẹ́ ilẹ̀ pákó tí gbogbo wọn dúró lé. Ó ń gbọ́ àwọn ìyá tí wọ́n ń pa ọmọ wọn lẹ́nu mọ́. Ó fi àtàǹpàkò wá ibi tí wọ́n ti ń tan fìtílà Ìgbìmọ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ìmọ́lẹ̀ elésè àlùkò sì tú sórí tábìlì níwájú pẹpẹ.

"Kí ẹni àkọ́kọ́ máa bọ̀," ni Àlùfáà Ṣówándé wí.

Àwọn ọmọdé tò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù wọn na ọwọ́ òsì sábẹ́ fìtílà. Lójú ọ̀sán, awọ ara lásán lèèyàn máa rí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lábẹ́ fìtílà yìí, ilà mẹ́ta tẹ́ẹ́rẹ́ a yọ lọ́rùn ọwọ́ wọn, á pọ́n ráńráń bí ẹyin iná tí eérú bò. Morádékẹ́ fúnra rẹ̀ ló kọ ilà náà fún gbogbo wọn lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ wọn, nítorí òun ni olóòlà ìlú Ìdákọ̀ró. Kì í ṣe abẹ ló fi ń kọ ọ́ bíi tàwọn olóòlà ayé àtijọ́. Abẹ́rẹ́ tí kò dunni ni, pẹ̀lú omi tí wọ́n po irin kan mọ́, irin tó kúnná ju eruku lọ, tí Ìgbìmọ̀ Ìlera máa ń fi ránṣẹ́ láti ilẹ̀ òkè nínú ìgò kékeré.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ìjọ máa ń pa iná báyìí. Ọmọ tí ilà rẹ̀ bá tàn jù ni yóò gbé àbẹ́là sọ̀kalẹ̀ sínú kànga ìjọ lọ́jọ́ náà gan-an, fún Àjọ̀dún Ìmọ́lẹ̀.

"Ọmọ Láníyan mà ṣú o!" ni obìnrin kan wí láti inú òkùnkùn. "Ó ṣú bí ìdí ìkòkò!"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín.

"Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀," ni Láníyan fèsì. "Ìkòkò tó bá ń se ọbẹ̀, ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúdú. Ẹ̀yin tí ìkòkò yín ń dán, kí lẹ jẹ láàárọ̀ yìí?"

Ẹ̀rín tún sọ. Morádékẹ́ náà rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ sì dùn sí ilà ṣíṣú ọmọ Láníyan ju bí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ṣe lè mọ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ni Dárasími dé. Ọmọ ọdún méje ni, ọmọ-ọmọ Ìyá Ìjọ Rẹ̀mílẹ́kún. Ó rọra rìn wá bí ẹni ń tẹ̀ lé orin tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Ó na ọwọ́ rẹ̀.

Ilà tirẹ̀ bú jáde. Pupa rẹ̀ kún orí tábìlì, ó kan àgbọ̀n ọmọ náà, ó kan aṣọ funfun Àlùfáà. Morádékẹ́ rí ìka ọwọ́ ara rẹ̀ kedere nínú ìmọ́lẹ̀ náà.

"Halelúyà!" ni gbogbo ìjọ ké.

Ìyá Ìjọ Rẹ̀mílẹ́kún ti dìde, ó ń jó, ó ń sunkún. "Ọmọ mi! Ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi lé mi lọ́wọ́ tó fi wọkọ̀ lọ sílẹ̀ òkè! Olúwa, o ṣé tí o kò gbàgbé ilé mi!"

 Morádékẹ́ nìkan nínú ilé náà ló mọ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Ó pa fìtílà náà kíá, bí ẹni pé bí ojú kò bá rí i mọ́, ó lè má jẹ́ òótọ́.

Àwọn akọrin bẹ̀rẹ̀ orin, Morádékẹ́ sì yọ́ wọ yàrá Àlùfáà, ó ti ilẹ̀kùn. Ìlẹ̀kẹ̀ dúdú kan tí Ìgbìmọ̀ fún un wà lọ́rùn rẹ̀ tí kì í bọ́ kúrò, ìbáà ṣe lójú oorun, ìbáà ṣe nígbà tó bá ń wẹ̀. Ó gbé e sún mọ́ ẹnu.

"Dárasími, ọmọ Ìdákọ̀ró," ó wí wúyẹ́wúyẹ́. "Ilà rẹ̀ ti tàn dé òpin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán ọkọ̀ wá lónìí."

"Ìgbìmọ̀ ti gbọ́," ni ìlẹ̀kẹ̀ náà dáhùn ní ohùn obìnrin tó dùn bí ohùn ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. "Ọkọ̀ yóò dé lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ rántí ìbúra yín."

"Ọmọ náà kò lè dúró di ọjọ́ Ẹtì."

"Ìgbìmọ̀ ti gbọ́. Ọkọ̀ yóò dé lọ́jọ́ Ẹtì."

"Wọ́n fẹ́ rán an lọ sísàlẹ̀ kànga nísinsìnyí!"

"Ìgbìmọ̀ ti gbọ́."

Ilẹ̀kùn ṣí. Àlùfáà Ṣówándé ni. Ó wá mú ọ̀pá rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó rí ojú Morádékẹ́, ó fi ọ̀pá náà sílẹ̀.

"Ìyá Olóòlà, kí ló ṣe ojú rẹ báyìí?"

"Àlùfáà, ta ló gba ìbúra lẹ́nu mi?"

"Èmi ni. Lórí Bíbélì bàbá mi ni."

"Kí ni mo búra?"

"Pé ohun tí ilà bá sọ, Ìgbìmọ̀ nìkan lo máa sọ ọ́ fún. O ò ní sọ ọ́ fún ìyá, o ò ní sọ ọ́ fún bàbá, o ò sì ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń kà á." Ó sún mọ́ ọn. "Ìwọ náà mọ ìdí rẹ̀. Láyé àwọn ìyá wa, gbogbo ènìyàn ló lè ka ilà. Kí ni wọ́n ṣe fún àwọn tí ilà wọn fi àìsàn hàn? Wọ́n gé okùn tó so ilé wọn mọ́ ìlú lóru, wọ́n jẹ́ kí omi gbé wọn lọ, tilé tọmọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣòfin. Òfin náà kò burú."

"N kò sọ pé ó burú."

"Bí o bá sì sọ ọ́, ìlẹ̀kẹ̀ yẹn á gbọ́, fìtílà rẹ á kú. Àwọn ìkókó tí a kò tíì kọlà fún ńkọ́? Ìgbà wo ni wọ́n máa rán olóòlà mìíràn wá sí ìlú kékeré bíi tiwa?"

Morádékẹ́ wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Àlùfáà, bí ènìyàn bá búra pé òun á pa ẹnu mọ́, tí ìdákẹ́ rẹ̀ wá fẹ́ pa ẹlòmíràn ńkọ́?"

Àlùfáà Ṣówándé jókòó. Ènìyàn rere ni. Kò sí aláìsàn tí kì í bẹ̀ wò, kò sì sí òkú tí kì í sunkún sin. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á, Morádékẹ́ sì rí i.

"Má sọ fún mi," ó wí. "Jọ̀ọ́. Bí o bá ti sọ ọ́, àwa méjèèjì la da ìbúra náà nìyẹn. Màá gbàdúrà sí i."

"Ẹ tètè gbà á, Àlùfáà. Wọ́n ti ń wọṣọ fún ọmọ náà."

Kànga náà wà láàárín ṣọ́ọ̀ṣì gan-an, wọ́n sì fi ọgbà irin yí i ká. Nígbà tí omi gba ìlú àtijọ́, àwọn bàbá ìjọ kò gbà kí pẹpẹ wọn rì. Wọ́n mọ ògiri sìmẹ́ńtì yí i ká nísàlẹ̀ omi lọ́hùn-ún, wọ́n fa ògiri náà dé òkè, wọ́n sì gbọ́n omi inú rẹ̀ gbẹ. Nígbà tí wọ́n wá kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun tó léfòó, orí ibẹ̀ ni wọ́n so ó mọ́. Lọ́dọọdún, ọmọ kan a gba orí àkàsọ̀ irin sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú àbẹ́là, á lọ tan fìtílà àwọn bàbá, á sì dúró níwájú pẹpẹ náà títí ìjọ yóò fi kọrin tán tí Àlùfáà yóò fi súre. Àbẹ́là náà kì í pẹ́ kú. Àwọn àgbàlagbà máa ń sọ pé ògo Ọlọ́run ló pọ̀ nísàlẹ̀ ibẹ̀ tí kò jẹ́ kí iná ènìyàn hàn.

Ìyá Ìjọ kúnlẹ̀ létí kànga, ó ń fi ìpara pa ẹsẹ̀ Dárasími.

"Wá wo ọmọ rẹ, Morádékẹ́! Ṣebí ìwọ lo kọ ilà yìí. Ọwọ́ rẹ kò ní rọ láé."

"Àmín, Ìyá Ìjọ." Morádékẹ́ kúnlẹ̀ tì wọ́n. "Dárasími, ara ńkọ́?"

"Orí ń fọ́ mi, mà."

"Orí fífọ́ ayọ̀ ni," ni Ìyá Ìjọ wí. "Ọmọ yìí ti yàtọ̀, mo sọ fún ọ. Kì í bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré mọ́. Á jókòó jẹ́ẹ́ bí àgbà, á máa wo omi. Bí mo bá pè é, á dà bí ẹni pé ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀. Láti ìgbà tó ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ nu pẹpẹ ni."

"Ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ nu pẹpẹ?"

"Lójoojúmọ́! Èmi ni wọ́n fi ìtọ́jú pẹpẹ lé lọ́wọ́, ṣùgbọ́n orúnkún mi kò gba àkàsọ̀ mọ́. Ó ní òun á bá mi ṣe é. Á máa nu ún nísàlẹ̀, èmi á jókòó síbí, màá máa kọrin sí i kí ẹ̀rù má bà á. Ìgbà mìíràn, oorun á gbé e lọ síbẹ̀. Màá pè é, màá pè é, kó tó dáhùn." Ìyá Ìjọ rẹ́rìn-ín, ó nu ojú rẹ̀. "Mo ní, bóyá ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ ń pè é lọ́hùn-ún. Ṣebí bẹ́ẹ̀ náà ni Ọlọ́run ṣe máa ń pe àwọn ọmọdé nínú tẹ́ńpìlì láyé ọjọ́un."

Morádékẹ́ na ọrùn wo inú kànga. Ó ṣókùnkùn, ó sì dákẹ́. Afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ kò rùn rárá, kò sí imú tó lè mọ̀ bí ó bá bàjẹ́. Ó rántí gbogbo ohun tó rì pẹ̀lú ìlú àtijọ́ tó ń jẹrà láti ọdún pípẹ́. Ó rántí àbẹ́là tó ń kú lọ́dọọdún, tí òun pẹ̀lú máa ń ké halelúyà nígbà tó bá kú. Ó wo ètè Dárasími. Ó ti fẹ́ dúdú létí.

"Ìyá Ìjọ," ó wí, "ẹ jẹ́ ká má ṣe é lónìí. Kí ẹnikẹ́ni má sọ̀kalẹ̀ lónìí."

"Kí ló dé?"

"Ẹ ṣáà gbọ́ tèmi."

"Mo ní kí ló dé?"

Ìlẹ̀kẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná lọ́rùn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ bá ti ń sún mọ́ ibi tí kò gbọ́dọ̀ dé. Morádékẹ́ fi ọwọ́ bò ó.

Ìyá Ìjọ wò ó títí. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Morádékẹ́, má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ìwọ tí Ọlọ́run kò tíì fi ọmọ jíǹkí, ó yẹ kí o lè bá ẹni tó ní yọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà gún un bí abẹ́rẹ́.

"Mo ń bá yín yọ̀, mà."

"Kò hàn lójú rẹ."

Agogo lù. Àwọn akọrin yí kànga ká nínú òkùnkùn ṣọ́ọ̀ṣì, olúkúlùkù pẹ̀lú fìtílà pẹ́ńpẹ́ lọ́wọ́. Àlùfáà Ṣówándé jáde wá, kò wo ojú Morádékẹ́. Ó tan àbẹ́là, ó fi í lé Dárasími lọ́wọ́, ó sì súre fún un. Ìyá Ìjọ ṣí ọgbà irin. Ọmọ náà mí gúlegúle bí ẹni tó ti sáré, bẹ́ẹ̀ kò rìn ju ẹsẹ̀ díẹ̀ lọ. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé orí àkàsọ̀.

Morádékẹ́ dúró lẹ́yìn àwọn akọrin, fìtílà Ìgbìmọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n àdúrà náà kò ní ju ọ̀rọ̀ kan lọ: Olúwa, Olúwa, Olúwa. Ìbúra náà wà lórí ahọ́n rẹ̀ bí òkúta. Ó wá ronú pé ẹnu ni òun fi búra. Òun kò fi apá búra.

"Ẹ dúró!"

Orin já. Ó gba àárín àwọn akọrin kọjá. Lójú gbogbo ìjọ, ó tú gèlè orí rẹ̀.

"Ah! Obìnrin tú gèlè níwájú pẹpẹ!" ni ẹnì kan ké.

"Ṣé kò ya wèrè báyìí?"

"Ẹ mú un jáde!"

"Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án," ni Àlùfáà Ṣówándé wí. Ó yà wọ́n lẹ́nu, bóyá ó ya òun náà lẹ́nu.

Morádékẹ́ gbé fìtílà elésè àlùkò sórí ọgbà irin, ó tàn án, ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Òun náà ní ilà, nítorí kò sí olóòlà tí wọn kì í kọ́kọ́ kọlà fún kí wọ́n tó fún un ní fìtílà. Tirẹ̀ ṣú, agbára káká ni ojú fi ń rí i. Ó gbé e yí ká kí gbogbo wọn lè wò ó. Lẹ́yìn náà ló ká gèlè náà mọ́ òkè apá rẹ̀, ó fi eyín fa etí rẹ̀ kan, ó fi ọwọ́ ọ̀tún fa èkejì, ó sì dì í pinpin bí ẹni ń di ẹrù igi.

Kò sọ nǹkan kan. Ó ń dúró.

Lákọ̀ọ́kọ́, kò sí ohun tó yí padà. Ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta á bí ìgbà tí èèrà bá ń jẹ ẹ́. Ó wú, ó wúwo. Lẹ́yìn náà ni ilà náà rọra jí. Ó pọ́n. Ó pọ́n sí i. Ó tàn títí ojú Ìyá Ìjọ fi hàn nínú rẹ̀, títí ó fi fẹ́ tó ti Dárasími.

"Hale—" ni ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò bá a gbè é, nítorí wọ́n rí ojú Morádékẹ́. Ìrora ló wà níbẹ̀.

Ó rìn lọ bá Ìyá Ìjọ, ó sì fi ọwọ́ tó ń tàn náà lé e lọ́wọ́.

"Ó tutù," ni Ìyá Ìjọ wí.

Morádékẹ́ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó tú gèlè náà. Ẹ̀jẹ̀ sáré padà sínú ọwọ́ rẹ̀ tòun ti ooru, omi sì jáde lójú rẹ̀ nítorí ó dùn ún. Bí ọwọ́ náà ṣe ń móoru ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rẹlẹ̀, títí ó fi ṣú bíi ti tẹ́lẹ̀.

 Ìyá Ìjọ yí padà, ó mú ọwọ́ Dárasími tó ṣì wà lórí àkàsọ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. "Ọwọ́ rẹ̀ ti ń tutù báyìí láti ìgbà òjò," ó wí, kò sì dà bí ẹni ń bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. "Mo ń fi aṣọ òtútù wé e."

Ó gba àbẹ́là lọ́wọ́ ọmọ náà, ó fẹ́ ẹ pa. Ó gbé Dárasími kúrò lórí àkàsọ̀, bó ti wù kí orúnkún rẹ̀ máa dùn ún tó.

"Kò sọ nǹkan kan," ni Àlùfáà Ṣówándé ń wí kíákíá. "Gbogbo yín ni ẹlẹ́rìí. Ìyá Olóòlà kò sọ nǹkan kan."

Ìlẹ̀kẹ̀ náà sì tutù lọ́rùn rẹ̀. Fìtílà ṣì ń tàn. Ó ti bọ́. Bí ó bá lè dákẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ti bọ́.

"Morádékẹ́," ni Ìyá Ìjọ wí. Ó ti gbé ọmọ náà sí àyà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti dàgbà jù fún gbígbé. "Mo rí ọwọ́ rẹ. Mo rò pé mo mọ ohun tí mo rí. Ṣùgbọ́n mo ti rò pé mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, mo sì ń fi ọwọ́ ara mi rán ọmọ mi lọ síbẹ̀. N kò fẹ́ ṣì í kà lẹ́ẹ̀kejì. Ọlọ́run á fún ọ ní ohun tó o bá ń fẹ́. Fi ẹnu sọ ọ́ fún mi."

Láàárín àwọn akọrin, ìyá kan ti mú ọwọ́ ọmọ tirẹ̀, ó ń yí i síbí sọ́hùn-ún. Òmíràn ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Gbogbo wọn ń wo Morádékẹ́. Ìlẹ̀kẹ̀ ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

"Afẹ́fẹ́ ni," ni Morádékẹ́ wí.

"Ìyá Olóòlà!" ni Àlùfáà ké.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, nítorí mi ò ní rí i sọ mọ́. Irin inú ilà máa ń gba iná fìtílà yìí, á sì fẹ́ fi tàn. Afẹ́fẹ́ rere inú ẹ̀jẹ̀ ló máa ń pa á mọ́lẹ̀. Ọmọ tó bá ń mí dáadáa, ilà rẹ̀ á ṣú. Bó bá ṣe ń tàn tó ni afẹ́fẹ́ rẹ̀ ṣe ń tán tó. Afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ kànga yìí ti bàjẹ́, ó sì ti wọ ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí. Òun ló ń pa àbẹ́là. Ẹ ti kànga yìí pa. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan sùn ní yàrá ìsàlẹ̀ tí atẹ́gùn kì í dé. Kì í ran ènìyàn, ẹ má ṣe gé okùn ilé ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé Dárasími lọ síbi tí atẹ́gùn wà, nísinsìnyí!"

"Morádékẹ́, olóòlà Ìdákọ̀ró," ni ìlẹ̀kẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ kò sì yí padà, ó dùn bíi ti tẹ́lẹ̀. "Ìbúra ti já. Fìtílà yín yóò kú láìpẹ́."

"Mo ti gbọ́," ni Morádékẹ́ dá a lóhùn.

Láníyan ti já aṣọ dúdú kan kúrò lójú fèrèsé, oòrùn sì rọ́ wọlé. "Ọkọ̀ mi wà létí àkàbà lóde! Ẹ máa bọ̀, Ìyá Olóòlà! Ìyá Ìjọ, ẹ gbé e wá! Ẹ kúrò lọ́nà, ṣé ẹ fẹ́ kí n gba orí yín kọjá ni?"

Ọkọ̀ gbé wọn sáré gba àárín àwọn ilé tó so mọ́ ara wọn. Ọkọ̀ tó ń fi oòrùn rìn náà ń kùn, omi ń fọ́n sí wọn lójú. Ẹnu ọ̀sà ni wọ́n dorí kọ, níbi tí atẹ́gùn òkun kì í ti í sinmi. Dárasími ti di ojú. Morádékẹ́ fa aṣọ dúdú tí Láníyan já mú bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì bo orí òun àti Ìyá Ìjọ àti ọmọ náà, kó lè rí ilà náà kà. Ó tan fìtílà. Iná rẹ̀ ti dín kù, ó ń ṣẹ́jú bí ojú ẹni tí oorun ń kùn.

Síbẹ̀, ilà Dárasími ń tàn.

"Máa mí, ọmọ mi," ni Morádékẹ́ ń wí. "Máa mí. Fà á wọlé."

Atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í gbá aṣọ náà. Wọ́n gbọ́ ìgbì òkun níwájú.

"Olúwa," ni Ìyá Ìjọ ń gbàdúrà, ètè rẹ̀ wà létí ọmọ náà, "láti kékeré ni mo ti ń tọrọ ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. O mọ̀ pé n kò bèèrè ohun mìíràn. Lónìí, jọ̀wọ́, jẹ́ kó ṣú. Jẹ́ kí ọmọ yìí ṣú bí ìdí ìkòkò, èmi á sì máa yìn ọ́." Ó gbé ojú sókè. "Ṣé ó ti ń dín kù?"

"Ó dà bí ẹni pé ó ń dín kù, mà."

"O ní ó dà bí?"

"Fìtílà náà ń kú, Ìyá Ìjọ. Mi ò mọ èyí tó ń rẹlẹ̀ nínú wọn."

Àwọn méjèèjì tẹjú mọ́ pupa kékeré náà. Ó di òwú. Ó di fọ́nrán irun. Lójijì, kò sí mọ́, òkùnkùn sì bo abẹ́ aṣọ.

"Ó ti kú," ni Morádékẹ́ wí.

"Ta ló kú?" Igbe náà fẹ́ fa aṣọ ya.

"Fìtílà ni, mà! Fìtílà ni!"

 Morádékẹ́ wá ọwọ́ ọmọ náà nínú òkùnkùn, ó rí i, kò sì lè sọ bóyá ó gbóná tàbí ó tutù, nítorí ọwọ́ tirẹ̀ gan-an ti kú tipiri. Lóde, Láníyan pa ẹ̀rọ ọkọ̀. Atẹ́gùn nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

"Màmá."

Ohùn náà kéré, ó sì ní ìbínú díẹ̀ nínú, bíi ti ọmọ tí wọ́n jí lójú oorun.

"Màmá, ẹ ti dákẹ́. Kí ló dé tí ẹ ò kọrin mọ́?"

Ìyá Ìjọ Rẹ̀mílẹ́kún ṣí aṣọ dúdú náà kúrò lórí wọn, ó jù ú sómi. Ó gbé Dárasími jókòó sójú atẹ́gùn. Ó la ẹnu láti kọrin, ẹkún ni ó kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ni orin.